Ẹ̀kọ́ fún Ilé: Bí Ìròyìn Oògùn Ìfètòsọ́mọbíbí Ṣe Kọ́kọ́ Dé Etí Aráyé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá, èyí tí àgbà kì í fẹ́ kí a máa pariwo rẹ̀ ní gbangba. A tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó bí irú wa lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú; ẹnu náà ni a ó fi sọ ọ́.

OHUN TÍ Ó MÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ WÁ

Ìyá kan wà nínú ibùdó wa yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ó ti bí, èyí tí ó kéré jù kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ní ọjọ́ tí ó gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìlú, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fún un ní páálí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí. Hausa ni nọ́ọ̀sì náà fi ṣàlàyé bí yóò ṣe lò ó. Ìyá wa gbọ́ Hausa ti ọjà: ó lè fi ná iyọ̀, ó lè fi ná ata. Ṣùgbọ́n Hausa ti ilé ìwòsàn kò yé e. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀, ó mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ a máa lọ sí oko ọ̀nà jíjìn, a sì máa lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ó tó padà sílé. Ìyá yìí rò pé alẹ́ ọjọ́ tí bàbá bá dé nìkan ni ó yẹ kí òun lo oògùn náà, bí ẹni tí orí ń fọ́ ṣe ń lo oògùn orí fífọ́. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, oyún ti dé.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àwọn kan ní ìdí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn mìíràn ní ó ń ti ilé-ọmọ pa ni. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé òyìnbó ni ó fẹ́ fi pa ìran wa run. Ìyá mẹ́ta tí wọ́n ti ń lò ó dáadáa kó tiwọn dà sí ààtàn. Ọ̀kan nínú wọn ti lóyún báyìí, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un nígbà ìbí tí ó kọjá pé kí ó má ṣe tètè lóyún mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lára rẹ̀ pọ̀ jù.

Nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, a rí i pé àwa gan-an tí a wà ní ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn kò mọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìwé ìlànà oògùn náà ránṣẹ́ sí wa pé kí a yí i sí Yorùbá, kí a sì kà á ní kíláàsì alẹ́. Oṣù méje ni ìwé náà fi wà lábẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ irúgbìn lórí tábìlì wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀bùn ni ẹ̀kọ́ yìí. Gbèsè ni a ń san.

A ó kọ́kọ́ sọ ìtàn bí ìròyìn oògùn yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ aráyé, nítorí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti dé ní ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ ohun tí ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan mọ̀.

1. NÍGBÀ TÍ ÌRÒYÌN JẸ́ Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á rántí ná pé kí ọmọ jìnnà sí ara wọn kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ìyá wa àgbà kì í súnmọ́ ọkọ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú, èyí sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ìtìjú ni ó jẹ́ nígbà náà kí ọmọ tí kò tíì lè rìn máa bá oyún jìjàdù ìyá. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé kí obìnrin fi hóró oògùn ṣe ohun tí yàrá ọ̀tọ̀ ń ṣe láyé àtijọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ìròyìn nípa dídènà oyún jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ní ọdún 1873 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí a ń pè ní òfin Comstock, nípa orúkọ ẹni tí ó jà fún un. Òfin náà ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rírùn, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà lè rí ẹ̀wọ̀n he.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní New York tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Margaret Sanger. Ìyá rẹ̀ lóyún ní ìgbà 18, ọmọ 11 ni ó bí láàyè, ó sì kú ní nǹkan bí ẹni 50 ọdún. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, Sanger ń rí àwọn obìnrin tálákà tí wọ́n ń kú nítorí oyún tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1916, ó ṣí ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Brownsville, ní apá Brooklyn ní ìlú New York, láti kọ́ àwọn obìnrin ní ọ̀nà ìdènà oyún tí ó wà nígbà náà. Oògùn oníhóró kò tíì sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí. Àwọn tí ó ń gbé ní Brownsville jẹ́ àwọn tí ó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣí wá síbí. Àwọn Júù láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù wà níbẹ̀, àwọn ará Ítálì náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, èdè mẹ́ta ni Sanger fi tẹ ìwé ìpolówó ilé ìtọ́jú náà: Gẹ̀ẹ́sì, Yídíìṣì tí àwọn Júù ń sọ, àti èdè Ítálì. Àwọn obìnrin tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó kọjá, ó ti ju 400 lọ tí ó ti wá. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá dé, wọ́n ti ilé náà pa, wọ́n sì mú un. Ní ọdún 1917, ó ṣe ẹ̀wọ̀n 30 ọjọ́.

Ní ọdún 1936, ilé-ẹjọ́ kan dá ẹjọ́ tí ó jẹ́ kí àwọn dókítà lè máa gba ohun èlò ìdènà oyún láti ìlú òkèèrè. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kọ́kọ́rọ́ wà.

2. IṢU IGBÓ ÀTI OWÓ Ẹ̀RỌ ÌKÓRÈ

Àgbẹ̀ ni wá, nítorí náà apá yìí yóò dùn mọ́ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1944, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà kan, Russell Marker, rí i pé irú iṣu igbó kan tí ó ń hù ní Mexico ní èròjà kan nínú tí a lè sọ di irú omi agbára tí ara obìnrin máa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà oyún. Ní ọdún 1951, ní Mexico City, Carl Djerassi, George Rosenkranz àti Luis Miramontes ṣe èròjà kan láti ibẹ̀ tí ó lè ṣiṣẹ́ bí a bá gbé e mì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Frank Colton ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó jọ ọ́. Èyí ti Colton ni ó wá wọ inú oògùn àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe iṣu tí a ń gún ni a ń wí o, kì í sì í ṣe èsúrú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wa iṣu igbó jẹ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ kẹ́místírì púpọ̀ ni ó wà láàárín iṣu náà àti hóró oògùn, iṣu igbó mìíràn sì ní májèlé.

Nípa ti owó, ìjọba kò dá sí i. Obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni ó gbé e, Katharine McCormick. Ìdílé ọkọ rẹ̀ ni ó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń kórè ọkà, ibẹ̀ ni ọrọ̀ wọn sì ti wá. Ní ọdún 1953, Sanger mú un lọ sí ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan ní Massachusetts, Gregory Pincus, ẹni tí òun àti Min Chueh Chang ń ṣe ìdánwò lára ehoro. Kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, McCormick ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ni. Lóṣooṣù ni ẹyin kan máa ń kúrò ní ibi tí Ọlọ́run fi í sí nínú obìnrin, tí yóò máa dúró de àtọ̀ ọkùnrin. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ a dá ẹyin mìíràn dúró. Hóró oògùn yìí ń sọ fún ara pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oyún kò sí. Bí kò bá sí ẹyin, kò sí oyún. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ti ojoojúmọ́: bí ìròyìn náà bá já ní ọjọ́ díẹ̀, ara yóò padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

3. ÀWỌN TÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ LÒ Ó, TÍ WỌN KÒ SỌ FÚN

Ní ọdún 1954, Pincus àti dókítà kan tí ń jẹ́ John Rock bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lára obìnrin 50 ní Massachusetts. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gba ìdènà oyún, nítorí náà ìwádìí lórí bí àgàn ṣe lè bímọ ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, Pincus dìde níwájú ìpàdé àgbáyé kan ní Tokyo ní Japáànì, ó sì sọ fún àwọn onímọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí ọwọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde ní gbangba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọ́ ọ kò gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, wọ́n gbé ìdánwò ńlá lọ sí erékùṣù Puerto Rico, ní àdúgbò Río Piedras, láàárín àwọn tálákà. Dókítà obìnrin kan, Edris Rice-Wray, ni ó ṣe àbójútó rẹ̀. Ìròyìn náà tàn láti ẹnu dé ẹnu, àwọn ìyá sì sáré wá, nítorí wọ́n gbọ́ pé oògùn kan wà tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lóyún. Ohun tí wọn kò sọ fún wọn ni pé ìdánwò ni, àti pé ara wọn ni wọ́n fi ń wo bóyá oògùn náà léwu. Àwọn kan ní òòyì, àwọn kan ń bì, orí ń fọ́ àwọn mìíràn. Dókítà Rice-Wray kọ ọ́ ránṣẹ́ pé lóòótọ́ ni oògùn náà ń dènà oyún, ṣùgbọ́n pé ìnira rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n ní èrò ọkàn àwọn obìnrin náà ni.

A kò gbọdọ̀ fi apá yìí pamọ́. Àwọn kan nínú àwọn tí ó jà fún ìfètòsọ́mọbíbí ní ayé ìgbà náà, tí Sanger alára wà nínú wọn, gbà pé àwọn ènìyàn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n máa bímọ. Èrò burúkú ni. Ẹni tí ó bá ń fura nítorí irú nǹkan báyìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ìfura nìkan kò lè tọ́ obìnrin sọ́nà. Ìbéèrè ni ó ń tọ́ ni sọ́nà. Abèèrè kì í ṣìnà.

4. ÌKÌLỌ̀ TÍ Ó DI ÌPOLÓWÓ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn fi ọwọ́ sí oògùn náà. Enovid ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà oyún kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi ọwọ́ sí i. Àìsàn tí ó jẹ mọ́ nǹkan oṣù ni wọ́n kọ sí i lára. Wọ́n sì ní kí a kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń lò ó kò ní lè lóyún.

Ẹ wo bí ọmọ aráyé ti rí! Ìkìlọ̀ ni wọ́n pè é, ìròyìn ayọ̀ ni àwọn obìnrin gbọ́. Lójijì, àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń lọ déédéé tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ fún dókítà pé nǹkan oṣù àwọn kò ṣe déédéé mọ́. Nígbà tí ọdún 1959 fi ń parí lọ, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù obìnrin ní Amẹ́ríkà ni ó ti ń lo Enovid.

Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ ìjọba náà wá kéde ní gbangba pé àwọn yóò fi ọwọ́ sí i fún ìdènà oyún. Ní ọdún 1965, àwọn tí ó ń lò ó ní Amẹ́ríkà ti ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Connecticut ṣì ka ìdènà oyún léèwọ̀, kódà láàárín tọkọtaya. Estelle Griswold àti dókítà kan ṣí ilé ìtọ́jú níbẹ̀ ní ọdún 1961, wọ́n sì mú wọn. Ẹjọ́ wọn dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, tí ó dá a ní oṣù kẹfà ọdún 1965 pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti wọ inú yàrá tọkọtaya. Àwọn tí kò lọ́kọ kò rí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ gbà títí di ọdún 1972.

5. BÍ Ó ṢE DÉ ILẸ̀ MÌÍRÀN

Ní Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn, oògùn tí ń jẹ́ Anovlar jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1961. Níbẹ̀ náà, nǹkan oṣù ni wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní Ìlú Ọba, mínísítà ètò ìlera, Enoch Powell, ni ó dúró ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kejìlá ọdún 1961 tí ó kéde pé àwọn dókítà ìjọba lè máa kọ ọ́ fún obìnrin. Àwọn abilékọ ni ó kọ́kọ́ ń rí i gbà jù. Ní ọdún 1974 ni ó di ọ̀fẹ́ fún gbogbo obìnrin.

Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ọdún 1920 ka ìpolówó ìdènà oyún léèwọ̀, oṣù kejìlá ọdún 1967 ni wọ́n sì tó tú u. Òfin kan náà wọ àwọn ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí, tí ó fi kan àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún 2003 ni orílẹ̀-èdè Benin tó ṣe òfin titun tí ó mú un kúrò. Ní Nàìjíríà tiwa, ọdún 1964 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, láti máa la àwọn tọkọtaya lọ́yẹ̀.

Nípa ti ẹ̀sìn, Dókítà Rock tí a dárúkọ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ó sì kọ ìwé ní ọdún 1963 láti bẹ ìjọ rẹ̀ pé kí ó gba oògùn náà. Ní oṣù keje ọdún 1968, Póòpù Paul Kẹfà fi ìwé sóde pé ìjọ kò gbà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kí ó bá àwọn olórí ẹ̀sìn rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ tiwa kọ́ ni láti pa ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni dà.

6. BÀBÁ KAN ÀTI PÁÁLÍ TÍ Ó Ń SỌ̀RỌ̀

Nígbà àkọ́kọ́, inú ìgò ni wọ́n ń kó hóró oògùn náà sí, gẹ́gẹ́ bí oògùn yòókù. Kò sí ohun tí yóò sọ fún obìnrin bóyá ó ti lo ti òní tàbí kò tíì lò ó. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, bàbá kan wà tí ń jẹ́ David Wagner. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo Enovid, àwọn méjèèjì a sì máa bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn pé ṣé ó ti lò ó ni àbí kò tíì lò ó. Wagner kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ọjọ́ sí bébà kan, ó sì to hóró oògùn lé e lórí. Nígbà tí bébà náà dà nù, ó fi ọ̀rá líle ṣe àwo róbótó kan tí ó fi ọjọ́ hàn. Láti ọdún 1963 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń ta oògùn náà nínú irú páálí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àmì ọjọ́ tí ẹ ń rí lẹ́yìn páálí títí di òní, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kíyè sí i: ọkọ ni ó ṣe é, nítorí ó ka ọ̀rọ̀ náà sí ti ara rẹ̀. Bí bàbá inú ìtàn wa àkọ́kọ́ bá mọ̀ nípa páálí tí ó wà nínú àpótí ìyàwó rẹ̀, bóyá òun ni ìbá béèrè pé, “Ìyá ọmọ mi, ìgbà tí n kò sí nílé ńkọ́?”

7. OHUN TÍ WỌ́N FI PAMỌ́, ÀTI BÍ ÌWÉ PÉLÉBÉ ṢE DÉ INÚ PÁÁLÍ

Ní ọdún 1961, dókítà kan ní Ìlú Ọba kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn òun kan tí ó ń lo oògùn náà. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé òótọ́ ni: oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àwọn obìnrin kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀. Àwọn dókítà mọ̀. Àwọn tí ó ń gbé oògùn mì kò mọ̀.

Ní ọdún 1969, akọ̀ròyìn obìnrin kan, Barbara Seaman, kọ ìwé tí ó tú àṣírí náà síta. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Sẹ́nétọ̀ Gaylord Nelson pe ìgbẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n wọn kò pe obìnrin kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó ń lo oògùn náà. Alice Wolfson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láàárín èrò, wọ́n sì ń béèrè ní ohùn rara ìdí tí wọn kò fi sọ ewu rẹ̀ fún àwọn. Wọ́n lé wọn jáde, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti gbé ohùn wọn dé ilé gbogbo.

Ohun méjì ni ó ti ibẹ̀ jáde. Èkínní, wọ́n dín agbára oògùn náà kù. Enovid àkọ́kọ́ ní 150 máíkírógíráàmù èròjà ẹ̀sítírójìn. Ọ̀pọ̀ oògùn òde òní kò ju 20 sí 35 lọ. Èkejì, ní ọdún 1970 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìwé tí obìnrin fúnra rẹ̀ lè kà máa wà fún oògùn náà. Ní ọdún 1978, wọ́n mú kí ìwé náà kún sí i.

Ẹ̀yin ará wa, ìwé pélébé tí a ń fi ṣáná, tí a ń fi di ẹ̀pà, ìjà ni àwọn obìnrin fi gbà á. Ọdún mẹ́wàá ni ó kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ sí oògùn náà àti ìgbà tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó ń gbé e mì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwa náà sì tún fi oṣù méje kún un.

8. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN MỌ̀

(a) Ojoojúmọ́ ni a ń lo oògùn yìí, ní àkókò kan náà, bóyá ọkọ wà nílé tàbí kò sí nílé. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bí àdúrà alẹ́ tàbí títi ilẹ̀kùn adìẹ.

(b) Bí ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan, ẹ lò ó ní kété tí ẹ bá rántí, kí ẹ sì lo ti ọjọ́ náà ní àkókò rẹ̀. Bí ó bá tó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì lo rọ́bà títí yóò fi là yín lọ́yẹ̀.

(d) Nínú 100 obìnrin tí ó bá lò ó láìpa ọjọ́ kan jẹ, ó ṣòro kí ẹyọ kan lóyún láàárín ọdún kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe sábà ń lò ó, pẹ̀lú ìgbàgbé, nǹkan bí 7 ń lóyún.

(e) Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pín tirẹ̀ fún aládùúgbò. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Irú tí ó ní èròjà méjì kò dára fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń bá jà, ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń rí wíríwírí kí túúlu orí tó dé, àti ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35 tí ó ń mu sìgá. Kò tún dára fún ìyá tí ọmọ ọmú rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Irú mìíràn wà, tí ó ní èròjà kan, tí ìyá ọlọ́mú lè lò. Nọ́ọ̀sì ni yóò yàn.

(ẹ) Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dunni, bí àyà bá ń dunni gan-an, bí èémí kò bá já gaara, bí orí bá ń fọ́ lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ rí, tàbí bí ojú bá ṣókùnkùn lójijì, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ pé ẹ ń lo oògùn yìí.

(f) Oògùn ikọ́ ife tí ń jẹ́ rifampicin àti àwọn oògùn wárápá kan máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ oògùn mìíràn tí ẹ ń lò.

(g) Kì í ti ilé-ọmọ pa. Bí obìnrin bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó lè lóyún.

(gb) Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtọ̀sí tàbí àrùn éèdì. Rọ́bà ni ó ń ṣe èyí.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ ALẸ́

1. Kí nìdí tí Sanger fi tẹ ìwé rẹ̀ ní èdè mẹ́ta? Èdè mélòó ni a ń sọ ní ibùdó wa?
2. Kí ni wọn kò sọ fún àwọn obìnrin Puerto Rico? Kí ni ìwọ ìbá fẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ?
3. Báwo ni ìkìlọ̀ ọdún 1957 ṣe di ìpolówó?
4. Kí ni àṣìṣe ìyá inú ìtàn wa? Ta ni ó pín nínú ẹ̀bi náà?

Ní ìparí, ìpinnu lórí iye ọmọ jẹ́ ti tọkọtaya. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tí yóò ka ọmọ yín fún yín. Ohun tí a jẹ yín ni àlàyé tí ó pé. Láti oṣù tí ń bọ̀, ẹnì kan láti ọ́fíìsì wa tí ó gbọ́ Hausa àti Yorùbá yóò máa bá àwọn ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ọjọ́ àjẹsára. Ìyá tí ọ̀rọ̀ kò bá yé, kí ó má ṣe mi orí. Kí ó sọ pé, “Kò yé mi, ẹ tún un sọ.” Ojú kò tì wá láti tún un sọ nígbà mẹ́wàá.

Ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbà wá láyè pé kí a sọ ìtàn òun. Ó ní kí a sọ fún yín pé òun yóò wà ní ìlà iwájú ní kíláàsì náà, pẹ̀lú oyún òun, àti pé bàbá yóò jókòó ti òun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ láyọ̀, yóò sì sọ ìyá kejì náà láyọ̀.